Ohùn Tí Mo Gbé Lẹ́nu Lọ sí Akihabara

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Òkúdu

Màmá ló ra ìwé yìí fún mi lọ́jọ́ tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ní bí mi ò bá ní í jókòó síwájú tíṣà mọ́, kí n ṣáà máa kọ nǹkan sílẹ̀ kí ọwọ́ mi má baà gbàgbé. Oṣù mẹ́ta rèé, ojú ewé àkọ́kọ́ nìyí. Ẹni tó bá ṣí i láìgba àṣẹ lọ́wọ́ èmi Rokuta, kí ìrẹsì rẹ̀ má jinná láé.

Òjò ọdọọdún ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀. Mo wá nǹkan ṣe, mo sì rí i. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo ṣe orin kékeré tí ẹ̀rọ tó ń mú omi ìwẹ̀ gbóná máa ń kọ, mo wá ṣe ohùn obìnrin inú rẹ̀ pé omi ti gbóná. Bàbá àgbà bọ́ aṣọ, ó bọ́ sínú omi tútù. Igbe tó ké, àwọn ará òkè ilé kan ilẹ̀ wọn gbàgbàgbà. Ó jáde pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì, ó pè mí ní Odídẹrẹ́, orúkọ tó fún mi látìgbà tó ti Osaka wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Komagome, ní Tokyo, ní oṣù Èrèlé, lẹ́yìn ìsìnkú Màmá àgbà. Ó ní odídẹrẹ́ ilé ẹlòmíràn máa ń kí àlejò, tiwa ń wẹ àgbàlagbà.

Ọjọ́ kẹtàlá

Èyí ni mo tíì ṣe tó dára jù lọ. Mo bẹ Màmá títí ó fi gbà. Nígbà tí Bàbá àgbà jókòó sídìí oúnjẹ, èmi àti Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, a ò jẹ́ kí ohùn kankan jáde. Mo ń ju ọwọ́, mo ń rẹ́rìn-ín láìdún. Bàbá àgbà wo ẹnu mi, ó wo ti Màmá. Ó fi ìka ro etí ọ̀tún, ó ro tòsì. Kó tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, Màmá bú sẹ́rìn-ín, eré parí. Bàbá àgbà náà rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ tilẹ̀ pẹ́ ju tiwa lọ.

Àmọ́ kò mu ọbẹ̀ rẹ̀ tán.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo bá àpótí irinṣẹ́ Bàbá àgbà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi okùn mẹ́rin dì í. Lẹ́tà kan wà lórí rẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Tokumaru ní Osaka, ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ọdún méjìléláàádọ́ta ni Bàbá àgbà fi tún ohùn piánò ṣe. Mi ò rí àpótí yẹn ní dídì rí, àfi lọ́jọ́ tó kó wá.

Mo bi í bóyá ó fẹ́ rìnrìn àjò. Ó ní irinṣẹ́ ló fẹ́ rìnrìn àjò, Tokumaru ni yóò wá gbé e ní ogúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn wa ti bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn tún piánò gbọ̀ngàn ṣe lásìkò ìsinmi, nítorí ọ̀rinrin òjò ti bà á jẹ́. Ó ti kọ̀ fún wọn.

"Ẹni tí etí rẹ̀ ti ń lọ kì í tún piánò ọmọdé ṣe," ló wí. "Ọmọdé á kọ́ irọ́ níbẹ̀, á sì gbé irọ́ náà dàgbà."

Mo ní ta ló sọ pé etí yín ń lọ. Ó tọ́ka sí hẹ́dífóònù rẹ̀ tó wà lórí tábìlì, èyí ńlá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí bí asẹ́, tó fi owó ìfẹ̀yìntì rà. Ó ní ní Osaka, bí òun bá fi í sórí, ọbẹ̀ ni ohùn rẹ̀, ó nípọn, ó ní egungun. Látìgbà tí òun ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Mo ní bóyá ó ti bàjẹ́. Ó ní hẹ́dífóònù kì í yára darúgbó bí etí.

Ó wá sọ èyí tí mi ò fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí ẹ̀ ń la ẹnu yẹn, ẹ̀rù ò bà mí. Mo kàn sọ nínú mi pé, áà, ó ti dé."

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Kò sí nǹkan. Òjò. Mi ò ṣe ohùn ẹnikẹ́ni lónìí.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Mo yá hẹ́dífóònù náà, mo ní mo fẹ́ fi gbọ́ orin. Akihabara, àdúgbò àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ, ni mo gbé e lọ. Ọgọ́sàn-án yẹ́ǹ ọkọ̀ ojú irin, òjò sì ya àpò bébà mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀gá Hamuro ló ni ṣọ́ọ̀bù hẹ́dífóònù tó wà ní àjà kẹta lókè ibi tí wọ́n ti ń ta wáyà. Àwọn ènìyàn jókòó níbẹ̀ láìsọ̀rọ̀, kálukú di ojú, bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Ọ̀gá Hamuro ń fi imú sọ̀rọ̀, ó sì máa ń fi "bẹ́ẹ̀ ni ṣá" parí gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó, mo ti mọ ohùn rẹ̀ ṣe. Ó gba hẹ́dífóònù Bàbá àgbà, ó yí i po, ó rí nọ́ńbà kékeré tó wà lára rẹ̀: ẹgbẹ̀ta.

Ó bi mí pé kí la ń ki èyí bọ̀. Mo ní fóònù Bàbá àgbà ni. Ó di ojú bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

"Ọmọ yìí, òǹkà agídí ni nọ́ńbà yìí. Àwọn kan wà tí agídí wọn ò ju ọgbọ̀n lọ, fóònù lè gbé wọn. Ẹgbẹ̀ta lèyí. O fún oníjàkadì sumo ní oúnjẹ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, o wá ń bi í léèrè ìdí tí kò fi lè jà. Bẹ́ẹ̀ ni ṣá."

Ó ní ó nílò ampilifáyà. Mo ní èwo ló wá lágbára jù. Inú bí i díẹ̀. Ó ki wáyà rẹ̀ bọ àpótí irin kan tó wúwo bí òkúta, ó ní kí n gbọ́. Ariwo wà, àmọ́ ó dà bí ẹni tó ń pariwo nínú garawa, ohùn kankan kò ní ìdí. Ó ní agbára wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú rẹ̀. Hẹ́dífóònù kan ń fẹ́ kí omi pọ̀, òmíràn ń fẹ́ kí omi ti òkè gíga bọ̀. Ti Bàbá àgbà, òkè gíga ló ń fẹ́. Ó wá ki wáyà rẹ̀ bọ èyí tó ní gílóòbù mẹ́rin tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí. Piánò ni wọ́n ń tẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo ń gbọ́ ìka. Nísinsìnyí, mo ń gbọ́ pákó. Mo gbọ́ bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣe mí kó tó tẹ̀. Tí mo bá sì bọ́ ọ sọ́wọ́, ohùn náà ń jò láti ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé piánò bí àtàǹpàkò wà lọ́wọ́ mi.

Mo ń rò ó lójú ọ̀nà. Ampilifáyà, aláfarawé ni bí èmi. Wọ́n fún un ní ohùn kékeré, wọ́n ní kó ṣe é ní ńlá. Àpótí irin yẹn ṣe é bí ọmọ kíláàsì tó ń fi tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́: ó gbá a mú lóòótọ́, àmọ́ ara rẹ̀ ló ń tà. Èyí tó ní gílóòbù ò fi nǹkan kan ti ara rẹ̀ kún un. Kí ló fà á? Orin kan náà ni, iná kan náà.

Mo wo iye tó wà lára rẹ̀. Mo tún un wò bóyá òdo kan ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo sọ fún Bàbá àgbà pé ká lọ sí Akihabara. Ó ní òun ò lọ síbi tí wọn á ti fi ariwo tan òun jẹ. Mo bi í ohun tó ń ki hẹ́dífóònù bọ̀ ní Osaka. Ó ní ampilifáyà kan tí Tokumaru kọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù nígbà tó yẹ kó máa gbálẹ̀. Ó fi í fún ẹni tó ń ra ẹrù àlòkù kó tó wá, nítorí ó wúwo, àpótí aṣọ Màmá àgbà ni ó gbé dípò rẹ̀.

Nítorí náà Ọ̀gbẹ́ni Tokumaru mọ̀ ọ́n kọ́.

Ohun tí mo ṣe lọ́sàn-án: mo wọ inú yàrá ìkóǹkansí, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo tẹ Ọ̀gbẹ́ni Tokumaru láago pẹ̀lú fóònù ilé. Mo fa ọ̀rọ̀ bí ará Osaka, mo fi ikọ́ Bàbá àgbà sí i, èyí tó máa ń wú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Tokumaru, irú èyí tó o kọ́ fún mi nígbà yẹn, kọ́ òmíràn fi ránṣẹ́." Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá" sí mi nígbà mẹ́fà. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Ó ní inú òun dùn pé Ọ̀gá ṣì ń fẹ́ gbọ́ orin. Ohùn rẹ̀ yí padà nígbà tó sọ ìyẹn, mo sì yára gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Kábéèjì ti di ọ̀ọ́dúnrún yẹ́ǹ ó lé. Màmá ń gé e wẹ́wẹ́ sínú oúnjẹ tó ń tà débi pé ó ń fò tí wọ́n bá ṣí ìdérí. Èébu ti hù sí ara bàtà mi.

Ọgbọ̀nọjọ́, oṣù Òkúdu

Ó dé! Ẹni tó ń pín ẹrù kiri gbé e wá, òjò ti pa á, àmọ́ inú páálí náà gbẹ. Bàbá àgbà rí orúkọ Tokumaru, ó ní ọmọ yẹn ti ń dá àánú ṣe. Mo yára tú páálí náà. Gílóòbù mẹ́ta, àpótí igi, tiransifọ́mà kan tó ń gba iná wọlé wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹrù ìjàpá, gbogbo ìdè wáyà inú rẹ̀ mọ́ bí ìdì irun.

A ki wáyà rẹ̀ mọ́ iná, a fi sídiì piánò sí i. Bàbá àgbà fi hẹ́dífóònù sórí. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń gbọ́ èyí tó ń jò. Ó pẹ́ díẹ̀, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí itan. Ó ní, "Egungun ti padà." Mo fẹ́ fò.

Orin parí. Kó tó di pé èkejì bẹ̀rẹ̀, ó fajú ro.

"Kí ló ń kùn?"

A ní kò sí nǹkan tó ń kùn. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Odídẹrẹ́, fi ẹ̀wọ̀n sẹ́nu." Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, mo tún bo imú. Ó tẹ́tí. Ó ní ó ṣì ń kùn. Màmá gba hẹ́dífóònù, ó fi sórí, òjò nìkan ló gbọ́, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, gbogbo òjò Komagome ló ń wọlé. Èmi náà fi sórí, òjò ni.

Bàbá àgbà gbà á padà, ó rọra gbé e sórí tábìlì, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn. Ó ní, "Nígbà náà, inú orí mi ló wà."

Ó sàn kí n má ti pe Tokumaru rárá.

Ọjọ́ kẹta, oṣù Agẹmọ

Bàbá àgbà kò fọwọ́ kan hẹ́dífóònù láti ọjọ́ náà. Ó tún fi okùn kan kún ti àpótí irinṣẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún

Mo ronú kan nǹkan kan. Àwọn tí etí wọn ń kùn, ìyá àgbà Genma tí a jọ wà ní kíláàsì tẹ́lẹ̀ fún àpẹẹrẹ, tí èèyàn bá bi wọ́n bó ṣe ń kùn, wọ́n á ní "ṣíììì" tàbí "bí kòkòrò". Mo bi Bàbá àgbà léèrè bí tirẹ̀ ṣe ń kùn. Kò tilẹ̀ rò ó.

"Sọ́ọ̀ ti dò-rè-mí ni. Sọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Àmọ́ ó ga díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà sí bọ́tìnnì dúdú tó wà lókè rẹ̀ lórí piánò."

Mo ní kó kùn ún fún mi. Ó kùn ún, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ohùn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wó lọ́dún tó kọjá, ibi tí mo dé nísàlẹ̀ ya èmi gan-an lẹ́nu. Ó mi orí. Ó ní ó ti lọ sílẹ̀ jù. Mo gbé e sókè. Ó ní ìyẹn náà ti pọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wà lókè, ó ń yí nǹkan tí kò sí níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tún piánò ṣe mú, títí ó fi ní, "Ó tó. Dúró síbẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń tún mi ṣe. Mo rí ọwọ́ náà.

Ọjọ́ kẹfà

Mo ní kó tún un gbé sí mi lẹ́nu láàárọ̀, mo sì jáde pẹ̀lú rẹ̀, kí n gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Hamuro kó tó sọnù. Ìbúdókọ̀ mẹ́fà ló wà láàárín wa àti Akihabara, gbogbo wọn ló sì ń kọ orin kékeré tí ilẹ̀kùn bá fẹ́ pa dé. Mi ò rò ó. Ní Tabata, orin wọn fa ohùn mi díẹ̀, mo fà á padà. Mo ki ìka bọ etí, mo ń kùn láti inú imú. Ní Nippori, orin ojú irin méjì dàpọ̀, mo di ojú, mo ń rí ọwọ́ Bàbá àgbà tó ń yí nínú afẹ́fẹ́. Ọmọdé kan tó wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ wò mí títí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó sì gbà á dáadáa! Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ìjókòó mìíràn.

Ní Ueno ni Genma wọlé. Ó bi mí ibi tí mò ń lọ. Mo kùn. Ó ní ṣé wọ́n ti lé mi kúrò lẹ́nu ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe lé mi kúrò ní ilé ìwé ni. Kò sẹ́ni tó lé mi, èmi ni mo lọ, ó mọ̀. Gbogbo èsì tó dùn tó wá sí mi lẹ́nu, mo gbé wọn mì. Mo kùn. Ó ní, "Rokuta, o ti di fíríìjì." Òótọ́ ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo gun àjà mẹ́ta. Ọ̀gá Hamuro rí mi, ó ní òun ò ní àyè eré lónìí. Mo tọ́ka sí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ka iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó gbé e sẹ́nu mi. Nọ́ńbà náà lọ sókè, ó bọ̀ sílẹ̀, ó jókòó sí ọgọ́rùn-ún. Ó ní kí n mí, kí n tún un ṣe. Ọgọ́rùn-ún. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi mí ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ tó ń kùn báyìí. Mo jẹ́ kí ohùn náà já bọ́ nígbà náà, ẹnu mi ti kú. Mo ní Ọ̀gbẹ́ni Tokumaru ni. Ó ní níbo. Mo ní Osaka, àmọ́ Bàbá àgbà rò pé etí òun ló ń kùn.

Ọ̀gá Hamuro wá ìjókòó kó tó rẹ́rìn-ín.

Ó ní iná tiwa níbí ń gbọ̀n nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí èèyàn bá ti kọjá odò Fuji sí ìwọ̀ oòrùn, ó di ọgọ́ta. Gbogbo wa la kọ́ ọ nílé ìwé, èmi náà kọ́ ọ, mo gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Tiransifọ́mà tí wọ́n wé fún ọgọ́ta nìkan, tí irin inú rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí wọ́n bá fún un ní àádọ́ta, àyà rẹ̀ kì í gbà á. Ó máa ń kérora. Ìlọ́po méjì àádọ́ta sì ni ìkérora náà.

"Etí bàbá àgbà rẹ kọ́ ló ń kùn," ló wí. "Odò Fuji ni etí rẹ̀ ń gbọ́. Èmi tí mò ń ta ohùn jẹun, mi ò mọ̀ bóyá màá gbọ́ ọ lábẹ́ òjò. Bẹ́ẹ̀ ni ṣá."

Ó kọ́ mi ní ìdánwò kan. Kí orin máa lọ, kí n yọ ampilifáyà kúrò lára iná lójijì. Iná díẹ̀ máa ń kù sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, orin á máa lọ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Tó bá jẹ́ pé iná ló ń kùn, kíkùn á dákẹ́ kí orin tó dákẹ́. Tó bá jẹ́ etí ni, etí ò ní wáyà tí èèyàn lè yọ.

Ọjọ́ keje

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá àgbà gbọ́ mi jáde. Lẹ́yìn náà ó ní, "Odídẹrẹ́ gbé ohùn mi lọ, ó sì gbé ìtàn dídùn bọ̀." Ó ní òun mọ̀ pé àánú òun ló ń ṣe mí, òun dúpẹ́. Mo ní kó ṣáà fi hẹ́dífóònù sórí kí n yọ wáyà. Ó ní òun ti bọ́ ọ, òun ti bọ́ ọ nìyẹn. Eré tí mo fi etí òun ṣe ti tó.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi yàtọ̀. Òtítọ́ mi ló pàdé àwọn irọ́ mi lọ́nà, wọn ò jẹ́ kó kọjá.

Ọjọ́ kejìlá

Òjò dá láàárọ̀, fún bíi wákàtí kan. Màmá ti lọ sọ́jà. Bàbá àgbà ń rìn kiri lẹ́yìn ilé. Mo yọ fíríìjì kúrò lára iná, mo tan ampilifáyà, mi ò fi orin sí i. Mo fi hẹ́dífóònù sórí, mo di èémí mú. Ó pẹ́. Mo gbọ́ ọkàn mi, mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ ẹnìkan ní òpópónà. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, bí èèrà tó ń rìn lórí ìwé, mo gbọ́ Sọ́ọ̀ tó ga díẹ̀.

Ó wà níbẹ̀! Mo gbàgbé láti ki fíríìjì padà. Ẹja mẹ́rin bàjẹ́. Kò dùn mí, àmọ́ mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀túnla ni Ọ̀gbẹ́ni Tokumaru ń bọ̀. Mo ti ronú pé kí n gbé àpótí irinṣẹ́ pamọ́. Mo ti ronú pé kí n ṣe ohùn Bàbá àgbà sí Ọ̀gbẹ́ni Tokumaru pé kó má wá. Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ogúnjọ́, oṣù Agẹmọ

Wọ́n ní àsìkò òjò ti parí. Ooru ti ń mú láti aago mẹ́jọ.

Ọ̀gbẹ́ni Tokumaru dé kí ó tó di ọ̀sán, ó gbé àkàrà dídùn Osaka wá, ó wọ kóòtù nínú ooru yìí. Ó wólẹ̀ fún Bàbá àgbà títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ẹní. Ó rí àpótí tí wọ́n ti dì. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí òun tó gbé e, kí Ọ̀gá ṣàánú òun kí ó gbọ́ iṣẹ́ tí òun fi ránṣẹ́ lójú òun, kí ó sọ ibi tó kù sí. Bàbá àgbà ò lè kọ̀ fún un. Ó jókòó, ó gbé hẹ́dífóònù sórí bí ẹni tó ń wọ bàtà tí kò bá a mu. Piánò bẹ̀rẹ̀.

Mo ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo yọ wáyà.

Mo gbọ́ èyí tó ń jò: piánò ń lọ, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó wá ń rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó parí. Bàbá àgbà yíjú sí mi. Mo rò pé yóò bú mi.

"Ki wáyà padà," ló wí.

Mo ki wáyà padà. A dúró kí gílóòbù gbóná.

"Yọ ọ́."

A ṣe é nígbà mẹ́fà. Lẹ́yìn ìkẹfà, ó bọ́ hẹ́dífóònù, ó gbé e lé ọrùn. Ó ní, "Piánò nìkan ló kù. Ó dá wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀." Ó wá wo Ọ̀gbẹ́ni Tokumaru. "Ẹ̀rọ rẹ ń kọ Sọ́ọ̀ nílé mi. Kí ló ń kọ nílé tìẹ?"

Ọ̀gbẹ́ni Tokumaru ní kì í kọ nǹkan kan nílé òun. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ pọ́n láti ọrùn lọ sókè. Ó yí ẹ̀rọ náà po, ó wo tiransifọ́mà, ó tún wólẹ̀, èyí sì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ọ̀gá, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo kọ àdírẹ́sì Tokyo sórí páálí pẹ̀lú ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ohùn yín lórí fóònù, bí ẹni pé ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù ló rí létí mi. Ọwọ́ mi wé e fún ilé tó mọ̀."

"Ohùn mi," Bàbá àgbà wí.

"Lọ́jọ́ tí ẹ pè mí."

Èkínní nínú àwọn kòkòrò ìgbà ooru bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí igi ìta. Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dé ti ikọ́.

Bàbá àgbà ní, "Ṣe é kí n gbọ́."

Mo ṣe é.

"Èmi? Èmi kì í fa ọ̀rọ̀ báyìí."

Ọ̀gbẹ́ni Tokumaru ò gbé orí sókè. Ó ní, "Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Màmá sá wọ ilé ìdáná kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ẹrù kan ni Ọ̀gbẹ́ni Tokumaru wá gbé, ẹrù kan ló sì gbé lọ, àmọ́ ampilifáyà ni, ó dì í sínú aṣọ láti lọ fi tiransifọ́mà tó gba àádọ́ta sí i. Bàbá àgbà sìn ín dé ìbúdókọ̀. Nígbà tó padà, ó mú ọ̀bẹ, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gé okùn máràrùn-ún. Kò tú wọn. Ó gé wọn.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ó mú mi dání lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo gbé àpótí. Ó ní kòkòrò tó ń dún bí agogo nígbà ìwọ́wé, ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí òun ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, kì í ṣe pé kò sí nǹkan tó ti lọ. Àmọ́ atún-piánò-ṣe ò nílò kòkòrò. Okùn méjì tí kò bá ara wọn mu máa ń gbọ̀n láàárín ara wọn, wúù, wúù, wúù. Ó ń dúró kí ìgbọ̀n náà fà gùn, kí ó sì kú. Mo gbọ́ ọ bó ṣe kú. Mo gbìyànjú láti fi ẹnu ṣe é, mi ò lè ṣe é. Ènìyàn méjì ló gbà. Ó ní kí n di ọ̀kan mú, òun á di èkejì.

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Ògún

Ampilifáyà ti padà. Kò kùn. Mo yọ fíríìjì láti rí i dájú, mo sì ki wáyà rẹ̀ padà. Bàbá àgbà gbọ́ orin láti ọ̀sán títí Màmá fi pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń gbọ́ Màmá, ẹ̀yìn hẹ́dífóònù ṣí. Ó kàn ń díbọ́n.

Ọjọ́ kẹfà

Ooru pọ̀. Mo ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ orin kékeré láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, tí obìnrin inú ẹ̀rọ sì sọ pé omi ti gbóná.

Ó dára. Ó dára gan-an. Àmọ́ orin náà ga ju ti ẹ̀rọ lọ, ní tínńtín, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà sí bọ́tìnnì dúdú tó wà lókè rẹ̀. Mo wo tábìlì. Hẹ́dífóònù wà níbẹ̀, kò sí lórí Bàbá àgbà.

Mo dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo ronú sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Òkúdu. Ẹni tó gbọ́ ìkérora tiransifọ́mà lábẹ́ òjò, ẹni tó ní Sọ́ọ̀ ni àmọ́ ó ga díẹ̀, ṣé ohùn mi ló máa pè ní ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà? Ó mọ̀. Ó bọ́ aṣọ, ó bọ́ sínú omi tútù, ó sì ké títí àwọn ará òkè ilé fi kan ilẹ̀.

Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo wọ inú omi tútù náà. Mo ké dé òkè ilé.